Ọjọ́ Tí Àkànní Dá Mi Lóhùn Lórí Pápá

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí mo kọ́kọ́ lọ wo Àkànní, ọmọ mi, níbi tó ti ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí alátakò á sì fi igi gbá a. Láti Sachse, ìlú kékeré tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, ni mo ti wa mọ́tò lọ sí pápá wọn ní Dallas. Ọ̀gá kan láti ẹgbẹ́ ńlá wá wò ó, bóyá wọ́n á mú un lọ.

Bọ́ọ̀lù tí Àkànní ń jù kò yé mi rárá. Èékánná ló fi ń dì í mú. Kì í pòòyì, kì í sáré, ó kàn ń gbọ̀n lófuurufú bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èmi nọ́ọ̀sì rò pé apá ń dùn ún. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni àwọn alátakò ń fi igi gbá.

Inú mi dùn, mo dìde, mo pè é: "Àkànní ọkọ mi!"

Ó ti na apá sókè láti jù ú. Ó dúró, ó yíjú sí mi, ó ní, "Mà?"

Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn: bí màmá bá pè ọ́, fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀, kí o dáhùn.

Rẹfirí nawọ́ pé Àkànní ti rú òfin. Alátakò kan tó ti sáré yípo pápá, tó ku díẹ̀ kó délé, rọra rìn wọlé, wọ́n kà á sí ayò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ju bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kò gbá a. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti fẹ́ jù ú kò gbọdọ̀ dúró; bó bá dúró, wọ́n á ní kí àwọn alátakò tó ti wà lójú ọ̀nà sún síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Ayò yẹn ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ Àkànní.

Ọ̀gá náà bi Àkànní ìdí tó fi dúró.

"Mọ́mì mi ló pè mí."

Wọn kò mú un lọ. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá kí n bẹ ọmọ mi ni, tàbí kí n dúpẹ́ pé mo tọ́ ọ yanjú.