Rẹ̀kọ́dà Ìyá Mi àti Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fi Agolo Ṣe

Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọjá, tí òórùn òróró ẹ̀rọ bá pàdé òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, ẹsẹ̀ mi á dá dúró fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rán aṣọ. Yàrá wa ní Àgbowó ni ọkàn mi máa ń padà sí: yàrá kan ṣoṣo nínú ilé gbọọrọ oníyàrá mẹ́wàá, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ màámi wà lẹ́bàá fèrèsé, àjákù aṣọ wà káàkiri ilẹ̀, rẹ̀kọ́dà kékeré kan sì wà lórí àpótí, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé bí ọmọ tuntun.

Ọdún 1985 ni, bí n kò bá ṣì í. Ìwọ tí a jọ gbé ayé ìgbà yẹn, o rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ lọ́nà. Bàbá mi wà lókè Ọya níbi tí wọ́n ti ń la títì. Òun àti màámi kò mọ ìwé kọ, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá wọn ka ọ̀rọ̀ àárín wọn. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wọn. Bàbá mi á sọ tinú rẹ̀ sójú kan, á fi rán awakọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ wá sí Òjòó. Màámi á sì sọ tirẹ̀ padà sójú kejì. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dé, màámi á gbé rẹ̀kọ́dà lé orí bẹ́ẹ̀dì, á fi ìborùn bo òun pẹ̀lú rẹ̀, a ó sì máa gbọ́ kùn-ùn-kùn-ùn lábẹ́ aṣọ. Kò pè mí sábẹ́ ìborùn yẹn rí. Tó bá jáde, á ní, "Bàbá rẹ kí ọ." Ó parí.

Àfi bí rẹ̀kọ́dà ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan. A tẹ̀ ẹ́, iná pupa bíńtín tó wà lójú rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò yí. Atúnrédíò kan ní Dùgbẹ̀ gbé e sétí, ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì, kò tilẹ̀ tú ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì, mọ́tò rẹ̀, ti jóná, ìyá. Irú rẹ̀ ò sì wọlú mọ́." Màámi gbé e padà sílé, ó wé e sínú aṣọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni kásẹ́ẹ̀tì tuntun dé. Bàbá Onílé ní rẹ̀kọ́dà ràgàjì kan ní pálọ̀ wọn, wọ́n ní kó wá fi gbọ́ ọ. Màámi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi kì í ṣe rédíò." Ó ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín òwú àti bọ́tìnnì. Oṣù méjì gbáko ló wà níbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wa ní físíìsì dúró síwájú kíláàsì, tó na ìka sí fáànù tí kì í yí lókè orí wa. "Fáànù ń gba iná, ó ń fún wa ní afẹ́fẹ́," ni ó wí. "Bí a bá wá fún un ní afẹ́fẹ́ ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà ti wọ̀ mí lára. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ṣe ẹ̀rọ kan wá lọ́jọ́ Ẹtì, kó má ra nǹkan kan, ohun tí wọ́n ti pa tì nílé ni kó fi ṣe é.

Mo bẹ̀rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì màámi tó ti kújú ni mo fi gé agolo mílíìkì sí apá mẹ́rin. Bí agolo ṣe tẹ̀ kọdọrọ tẹ́lẹ̀ ni apá náà ṣe tẹ̀. Mo gé gìgísẹ̀ sílípáàsì àlòkù ní róbótó, mo là á lójú mẹ́rin, mo ki apá wọ̀nyẹn bọ̀ ọ́. Mo fi ìṣó gbígbóná lu àárín rẹ̀, èéfín rọ́bà sì kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo tì bọ ojú ihò náà, mo wá ki sípóòkù bọ inú kòròfo bírò kó lè máa yí geere, mo sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá oparun. Mọ́tò tí yóò sọ yíyí náà di iná ló kù. Tíṣà ti ní inú ohunkóhun tó bá ń fi iná yí ni a ti lè rí i. Mo wo orí àpótí. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó ti jóná kò tún lè jóná mọ́. Lọ́jọ́ tí màámi lọ ra bọ́tìnnì ní Bódìjà, mo fi ẹnu ọ̀bẹ tú rẹ̀kọ́dà, mo yọ mọ́tò àti iná pupa ojú rẹ̀, mo dé e padà, mo sì wé e bó ṣe wà. Mo so mọ́tò mọ́ ìdí sípóòkù, mo sì so iná pupa náà mọ́ ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì.

Ọjọ́rú ni mo gbé ẹ̀rọ mi sí ẹ̀gbẹ́ okùn ìsáṣọ. Ó ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Iná kò tàn. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ilé wa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tó ń gé èékánná lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Injinía!" ni ó pè mí. "Ṣé ẹyẹ lo fẹ́ fi èyí lé lóko ni?"

"Iná ló máa tàn."

"Mọ́tò tí wọ́n ní ó ti kú? Small girl, the thing don die."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ju ìyẹn lọ. Ṣé afẹ́fẹ́ ni kò tó ni, àbí òótọ́ ni mọ́tò ti kú? Báwo ni èèyàn á ṣe mọ̀?

Lọ́jọ́ Àlàmísì, màámi gbé rẹ̀kọ́dà láti nu eruku rẹ̀. Ó dúró. Ó tún gbé e wò.

"Àjọkẹ́, kí ló dé tí rẹ̀kọ́dà mi fi fúyẹ́?"

Mo ti wà lórí eékún kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi hàn án. Mo ń retí ìgbátí. Kò gbá mi. Ó kàn ní, "Bàbá rẹ wà nínú nǹkan yẹn," ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ìgbátí ìbá sàn. "Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí gbogbo ohun tó o yọ padà síbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ti fẹ́ wọlé, ó tún yíjú padà.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ kó ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Ó fi ìka kan ti apá agolo. Ó wò ó títí ó fi dúró.

"Ó lọ́ra jù."

"Afẹ́fẹ́ ni kò tó, mà."

"Afẹ́fẹ́ tó. Ṣé ẹsẹ̀ mi náà ń sáré ni, tí abẹ́rẹ́ mi fi ń sáré?"

Ó fà mí wọ yàrá, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rọra tẹ ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ńlá ìsàlẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ kékeré òkè ti yí lọ bí ìgbà mélòó kan. Bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò nídìí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti ń wò ó, n kò rí i rí.

Àwa méjèèjì la ṣe èyí tó kù. A fi ìdérí agolo méjì há róbótó sílípáàsì mìíràn láàárín, ó di kẹ̀kẹ́ ńlá ìdí sípóòkù. Mọ́tò ti ní kẹ̀kẹ́ kékeré tirẹ̀ lórí, bíńtín bíi bọ́bìnì. Màámi gé bẹ́líìtì lára tíúbù kẹ̀kẹ́, ó rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bí a ṣe gbé e jáde ni ojú ọ̀run ṣú, tí páànù ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, tí àwọn obìnrin ilé ń sáré ká aṣọ. Ẹ̀rọ mi hó yẹ́ẹ̀! A kò rí apá agolo mọ́, àfi òbìrípo funfun. Iná kò tàn.

Mo wo ojú màámi. Ó ní, "Bóyá òdì aṣọ lo rán. Yí i padà."

Mo pààrọ̀ ẹnu wáyà méjèèjì. Màámi ṣí ìborùn rẹ̀, ó dà á bo èmi, òun, àti iná bíńtín náà. Inú òkùnkùn yẹn, ojú pupa kan là. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó mọ́lẹ̀ gbòò. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ó di bíńtín bíi ti tanátaná. Ó ń mí. Mo kígbe. Màámi kò kígbe. Mo gbọ́ tí ó ní, "Ta ló ní mọ́tò yìí ti jóná?"

Òjò lé wa wọlé. Màámi tú rẹ̀kọ́dà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Bí ẹsẹ̀ mi bá ń tẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kò lọ, kí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò?"

"Bẹ́líìtì, mà."

Òrùka rọ́bà dúdú kan wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀, ó ti já. Mo ti rí i lọ́jọ́ tí mo tú u. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Màámi mú okùn rọ́bà tó fi ń rán pátá ọmọdé, ó gé e, ó fi abẹ́rẹ́ tó tín-ínrín jù lọ rán an ní òrùka. A dá mọ́tò padà. Ọlọ́run ṣe é, òjò kò mú iná ọba lọ. Màámi kó sábẹ́ ìborùn, ó sì fa ọwọ́ mi wọlé.

Ohùn bàbá mi jáde, ó ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti arúgbó ọgọ́rùn-ún ọdún, ibi tí màámi ti rán rọ́bà náà bá sì ti kọjá, ohùn rẹ̀ á tọ pọ́n-ún. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Dákẹ́!" ni màámi wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán. Bàbá mi ní iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń parí lọ, wọ́n fẹ́ kí òun tẹ̀ lé wọn lọ síwájú sí i fún ọdún méjì. "Bó o bá ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá mọ̀ pé o fara mọ́ ọn."

Oṣù méjì. Màámi kò tilẹ̀ jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà tán. Ó yí i sójú kejì, ó tẹ̀ ẹ́, kò kí i pàápàá: "Bàbá Àjọkẹ́, máa bọ̀ nílé. Rẹ̀kọ́dà ló dákẹ́. Èmi kò dákẹ́." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé Òjòó.

Èmi gbé ẹ̀rọ mi lọ sílé ìwé. Ó yí, ó yí, kò tan nǹkan kan. Tíṣà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Mọ́tò rẹ̀ dà?"

"Ó wà nílé, sà. Ó ń sọ̀rọ̀."

O lè fojú inú wo bí kíláàsì ṣe bú gbàù. Tíṣà ní kí n dúró ṣàlàyé. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ débi ìborùn, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Kò tíì pé oṣù kan tí bàbá mi fi sọ ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní ohùn màámi nínú kásẹ́ẹ̀tì yára, ó sì tín-ínrín bíi ti ẹyẹ. Ó rò pé ẹkún ló ń sun, kò sì lè dúró gba owó ìkẹyìn. Rọ́bà pátá wa ló fa ìyẹn o: rẹ̀kọ́dà wa lọ́ra nígbà tó ń gba ohùn rẹ̀, ti bàbá mi lọ́hùn-ún kò lọ́ra, ohùn náà wá ń yára. Wọ́n fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn di ọjọ́ alẹ́.

Iná tí ẹ̀rọ mi tàn kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láyé. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe iná ni mo fi ṣe. Mo fi bi mọ́tò kan léèrè bóyá ó ti kú, ó sì dá mi lóhùn, nígbà tí gbogbo èèyàn tó sọ pé ó ti kú kò bi í rí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀ báyìí. Ìbáà jẹ́ fíríìjì, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ tí kò kọ̀wé sí mi mọ́, bí wọ́n bá ti ní, "Màámi, èyí ti tán o," wọ́n ti mọ ohun tí màá bi wọ́n kí n tó la ẹnu: "Ṣé ẹ ti wo bẹ́líìtì rẹ̀?"