Ariwo Tó Wọ Inú Orin Màmá Adéọtí

Màmá Adéọtí ti kọrin náà dé ìdajì kí Ọ̀gá Láyíwọlá tó na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Nínú íápíìsì tó wà létí mi, ohùn màmá dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀, hùùù, kò dáwọ́ dúró. Gbogbo ohun tá a gbà sínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ariwo yẹn wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìgborinsílẹ̀ là ń ṣe ní àdúgbò Challenge, nígbà tí ọdún 2000 ń kanlẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé iṣẹ́ bíi tiwa ni. Àlòkù ni Ọ̀gá ra ní Dùgbẹ̀, wọ́n sì ti ta ẹ̀rọ onítéèpù wa kí owó rẹ̀ tó pé, nítorí náà a ò ní ibòmíì tá a lè gba orin sí.

Màmá Adéọtí ni olórí akọrin ìjọ aláṣọ funfun kan ní Baṣọ̀run. Gẹ̀gẹ̀ ti yọ sí wọn lọ́rùn, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì máa wọ ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti sọ fún wọn pé ohùn wọn lè má rí bó ṣe wà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn akọrin ìjọ fi bá wọn wá, kí á lè gba ohùn màmá sílẹ̀.

Nígbà tí ariwo ò lọ, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí burúkú jáde nínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá wò mí, mo panu mọ́.

"Ẹ máa gbàdúrà lọ o," Ọ̀gá ní. "Èmi náà ń wá a."

Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an nìyí: wọn kì í gbá ẹ̀rọ létí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fetí sílẹ̀. Wọ́n yọ wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ míkísà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ohùn gbogbo makirofóònù ń gbà kọjá. Míkísà dákẹ́. Kọ̀ǹpútà nìkan, òun náà dákẹ́. Wọ́n tún so méjèèjì pọ̀, hùùù.

"Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú méjèèjì," Ọ̀gá ní. "Ibi tí wọ́n ti pàdé ni. Fúnmi, níbo ni kálukú ti ń gba iná?"

Mo tọpa wáyà. Ti míkísà wọ ara ògiri wa. Ti kọ̀ǹpútà gba ojú fèrèsé jáde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sídí tó ń ta ẹja òkú Èkó nílé kejì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń ṣe: bí iná tìẹ bá rẹlẹ̀, wàá fa wáyà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ lágbára. Kọ̀ǹpútà wa kì í tan lórí iná wa rárá.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni mo fa wáyà yẹn, mo tún ń fi yangàn!"

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ilé méjèèjì ló ní wáyà tirẹ̀ tó wọlẹ̀, àwọn wáyà ilẹ̀ náà ò sì dọ́gba. Iná díẹ̀ wá ń gba inú wáyà orin kọjá láti ilé kan sí èkejì, òun ló ń kùn. A kó gbogbo ẹ̀rọ sórí iná Ìyá Sídí, ariwo sì lọ. Ìgbà tí inú wa ń dùn ni fìrísà ẹja tan, iná wálẹ̀, kọ̀ǹpútà kú.

Mo lọ bẹ Ìyá Sídí pé kó bá wa pa á.

"Kí n pa kí ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ra ẹja tó bá yọ́?"

Ó tẹ̀ lé mi wọlé láti wá bá Ọ̀gá jà. Ló bá rí Màmá Adéọtí níwájú makirofóònù, ó rí ọrùn wọn.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ yìí fún yín, màmá?"

"Ọ̀la ni mò ń wọ ọsibítù, ọmọ mi. Wọ́n ní ohùn mi lè má rí báyìí mọ́."

Ìyá Sídí padà lọ pa fìrísà, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń lé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pariwo. Àwa náà pa fáànù. Òógùn bò wá, màmá sì kọrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò tíì rí ẹni tó mọ etí í lò tó Ọ̀gá Láyíwọlá.

Ara màmá yá, ṣùgbọ́n ohùn orin ò padà. Nígbà tí wọ́n wá gba orin wọn, ohùn wọn ti há pátápátá. Mo fi íápíìsì sí wọn létí, mo tẹ orin náà. Ẹnu wọn ń bá a lọ, kò sì sí ohùn kankan tó ń jáde. Nígbà tó parí, wọ́n di ọwọ́ Ọ̀gá mú.

"Èmi nìyẹn," wọ́n ní. "Ẹ ò jẹ́ kí n sọnù."