Ọjọ́ Tí Iyọ̀ Wọ Kànga Wa

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí ìlàjì garawa omi ṣì ń wọ̀ mí lọ́rùn, abúlé wa nítòsí Ajah kò ju bí ogún ilé lọ. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, àwa wà láàárín lórí iyanrìn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nírú àdúgbò yẹn kò ní gbàgbé òórùn ẹja yíyan lówùúrọ̀, àti bí iyanrìn ṣe máa ń jó wa lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, tí a ó máa sáré láti abẹ́ igi àgbọn kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n kànga kan ṣoṣo la ní tí omi rẹ̀ ṣe é mu.

Ìyá Ráṣì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ń mójú tó kànga náà. Òwúrọ̀ la máa ń pọnmi, àti lẹ́yìn ìrun alásárì. Lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju garawa sí i. Wọ́n ní omi ń sinmi kó lè sun padà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, garawa mẹ́rin ni fún ilé kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ilé baálẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ lọ fami lọ́sàn-án, torí à ń fi iyanrìn tẹ ẹ̀bà nínú eré wa. Ìyá Ráṣì ní kí n lọ fọ gbogbo kẹ́tù àlùwàlá tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo fọ̀ wọ́n títí ọwọ́ mi fi hunjọ. Dípò kí ìyá mi bá mi bẹ̀bẹ̀, ṣe ni wọ́n gbé ìkòkò tiwọn wá kún un.

Nígbà tó yá, títì dé. Àwọn àlejò ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé. Bàbá mi fi ẹja pípa sílẹ̀, wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù kì í mu omi díẹ̀. Ni wọ́n bá gbẹ́ kànga tiwọn sẹ́yìn ilé wa, ó jìn ju ti abúlé lọ dáadáa, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi tì í. Ìyá Ráṣì wá bá bàbá mi.

"Láwàlì, omi dídùn ló lé sórí omi iyọ̀ níbí. Bó o bá ń fà á báyìí, ti ìsàlẹ̀ á gòkè wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi. Ṣé omi inú ilẹ̀ máa ń tán ni?"

Ẹ̀rọ náà ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi po ẹ̀kọ, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tutọ́ dànù. Àfi gbì lẹ́yìn mi! Wọ́n ní èmi ni mo da iyọ̀ sí i. Bí mo ṣe ń ké lọ́wọ́, mo gbọ́ igbe ọmọ nílé kejì, mo tún gbọ́ nílé kẹta. Gbogbo abúlé ló ń na ọmọ wọn nítorí iyọ̀.

Nígbà tí a dé ìdí kànga, Ìyá Ráṣì ti fami, wọ́n sì ti mu ún. Wọn kò tutọ́. Wọ́n gbé igbá náà fún bàbá mi. Bàbá mi mu, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, igbá lọ́wọ́.

"Lọ pa ẹ̀rọ yẹn," ni Ìyá Ráṣì wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi rọ́ iyanrìn dí kànga tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ráṣì ru iyanrìn wá, wọ́n dà á sí i, wọ́n sì padà lọ bù sí i. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lọ. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ pọnmi lábúlé tó wà lódì kejì ọ̀sà. Ilé mẹ́ta kó kúrò láàárín wa, ilé Mùsíbáù ọ̀rẹ́ mi wà nínú wọn. Mi ò rí i mọ́ títí dòní.

Òjò ọdún méjì rọ̀ tán kí omi tó dùn padà. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi ni Ìyá Ráṣì kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Wọ́n fami, wọ́n gbé e fún wọn. Bàbá mi mu ún tán, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sunkún lójú wa. Mi ò rí ẹkún bàbá mi rí kó tó di ọjọ́ náà.

Lónìí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún gbogbo ibẹ̀. Ọmọ kankan kì í jí pọnmi mọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Oníkálùkù ti gbẹ́ bóhòlù sínú ọgbà rẹ̀. Omi tèmi ń sọ aṣọ funfun di pupa, omi inú ọ̀rá la sì ń rà mu. Nígbà tó kọ́kọ́ bàjẹ́, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Aládùúgbò mi náà gbẹ́ tirẹ̀ jìn ju tèmi lọ. A ò bi ara wa léèrè. Láyé ijọ́un, kànga kan ni gbogbo wa ní, gbogbo wa la sì ń ṣọ́ ọ. Ní báyìí, a ti fi ọgbà pín ilẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò mọ ọgbà ẹnikẹ́ni.