Kárọ́ọ̀tì tí Màmá Lè Jẹ

Kíákíá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Bó bá ń rìn, bí ẹni tí ajá ń lé ni. Bó bá ń jẹun, ìdúró ni. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, òun ò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tó fi ní òun ti gbà. Iṣẹ́ tó wá ń ṣe ló ń pani lẹ́rìn-ín: ó ń sọ ẹ̀fọ́ tútù di gbígbẹ. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí ohun tó ń gbẹ, ju kó dúró dè é lọ?

Ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Màmá ń dá gbé ní òdìkejì ìlú, eyín ẹnu wọn ò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ń rù. Dókítà ní kí wọ́n máa jẹ kárọ́ọ̀tì dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n kúkú ra tútù, màmá á ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun lòun ó jẹ. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Kíákíá á gbé kárọ́ọ̀tì gbígbẹ lọ, á rẹ ẹ́ sómi, á gbé e kaná, òun àti màmá á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Síbẹ̀, màmá á jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, wọ́n á tún yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

“Ọmọ mi, bá mi fún káfíńtà lèyí.”

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ gbé ìyẹ̀fun kan dé tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Wọ́n á pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á da kárọ́ọ̀tì gígé sí i, á sì rọra máa tú ohun tó so ara kárọ́ọ̀tì pọ̀. Tó bá ti tú u tó, wọ́n á fi ooru gbígbóná dá a dúró, kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú un gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sè é, kíá ló máa mumi tó máa rọ̀.

Kíákíá tọrọ ààyè láti ṣe abọ́ kan fún màmá rẹ̀. Ó fọwọ́ kan omi náà, kò gbóná tó lójú rẹ̀, ló bá da omi híhó sí i. Kárọ́ọ̀tì yẹn gbẹ tán, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

“Omi híhó lo dà sí i?” ni ọ̀gá bi í.

“Mo fẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́ ni, mà.”

“Ẹ́ńsáìmù náà sì tètè kú. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́...”

“Ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko,” ni Kíákíá fi parí ẹ̀, tó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà kejì, ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń yọjú wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó da omi gbígbóná lé kárọ́ọ̀tì náà nílé ìdáná màmá. Kó tó ṣan ṣíbí tán, ó ti rọ̀. Màmá jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n jẹ abọ́ náà mọ́ tónítóní. Inú Kíákíá dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú.

“Ó dáa gan-an,” ni màmá wí. “O ṣeun, ọmọ mi.”

“Mo ti kó èyí tó máa tó yín jẹ fóṣù kan wá. Ẹ lè máa dá a ṣe fúnra yín, ẹ ò nílò kí n máa yọ yín lẹ́nu mọ́.” Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

Màmá wo báàgì náà. “Èyí tó le yẹn, ṣé ẹ ò ṣe é mọ́ ni?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ẹ ò lè jẹ ẹ́.”

“N ò lè jẹ ẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ kó tó rọ̀, èmi àti ìwọ jọ máa ń jókòó.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kíákíá lákínyẹmí ara. Ojú tì í, àánú màmá sì ṣe é. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fa àga sún mọ́ wọn. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn kí ìdí rẹ̀ tó kan àga.