Irú Ìdílé Wo Lo Ti Wá?

Bí mo bá pàdé èèyàn, àfi kí n bi í pé ọmọ ilé ta ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: ẹni tí o kò bá bèèrè orírun rẹ̀, o kò kà á sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi nọ́ọ̀sì ará Íńdíà tí a jọ ń ṣe shift ní ọsibítù kan ní Atlanta pé, "Irú ìdílé wo lo ti wá?" Oúnjẹ ọ̀sán la ń jẹ lọ́wọ́.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní torí ìbéèrè yẹn lòun ṣe kúrò nílé. Nílùú tiwọn, wọ́n ka ìran wọn sí aláìmọ́; ẹni tó bá ti mọ ìdílé wọn kì í gba omi lọ́wọ́ wọn mọ́. Wọn ò jẹ́ kí ìyá ìyá rẹ̀ fa omi nínú kànga àdúgbò. Àyè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún irú wọn nílé ẹ̀kọ́ ló fi di nọ́ọ̀sì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi bú u títí ó fi jáde.

Ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé. Obìnrin tí gbogbo wa ń sáré pè tí a bá wá iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tì láti gún un lábẹ́rẹ́! Inú bí mi. Mo lu tábìlì, mo ní, "Ta ló bí àwọn yẹn ná?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà tún ti ń bèèrè ìdílé."

Ó mu nínú omi ìgò rẹ̀, ó wá nà án sí mi. Mo gbà á, mo mu. Ó tẹjú mọ́ ọ̀fun mi títí omi náà fi sọ̀ kalẹ̀ tán.