Báísíkù tí Ernest Akínfẹ́nwá Fi Fẹ́ Dá Jáde

Láti ìgbà tí ẹ̀yìn Ernest Akínfẹ́nwá ti bàjẹ́, kò dá jáde mọ́. Ọkùnrin tó ti fi báísíkù rin gbogbo Festac já kó tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba! Beatrice ìyàwó rẹ̀ ló ń dì í lápá mú lọ gẹrun bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó dùn ún wọra.

Ló bá kó báísíkù àlòkù méjì lọ sọ́dọ̀ Richard, ajórin kan ní Kuje-Àmùwò, nítòsí Festac. Wọ́n gé wọn, wọ́n jó wọn pọ̀, wọ́n de àga oníke tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Pẹ́dà wà níwájú pátápátá, kí ẹni tó ń gùn ún lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa wà á.

Kíkọ́ rẹ̀ ni wàhálà. Bó bá ti wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ báyìí, ó ti ṣubú, àwọn aládùúgbò á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Alágídí ni bàbá náà, ó ń dìde. Nígbà tó gbójú sókè wo ọ̀nà, báísíkù gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rù ń ba Beatrice. “Dádì, òkú ló ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kọjá ní títì. Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!” Láàárọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ dá lọ sí Apple Junction, ó gbé òróró àdúrà jáde, ó dà á láti orí àga dé ríìmù tí bíréèkì ń fún mọ́.

Akínfẹ́nwá rí i, ó sì mọ̀ pé òróró lè jẹ́ kí bíréèkì máa yọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa nu àdúrà ìyàwó rẹ̀ kúrò níṣojú rẹ̀? Ó ní tóun bá ti yà ní kọ́nà, òun á nù ún. Ó yà ní kọ́nà, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un, inú rẹ̀ dùn, ó gbàgbé.

Ní Apple Junction, bọ́ọ̀sì kan dúró lójijì níwájú rẹ̀. Ó fún bíréèkì, kò mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣáájú wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì.

Wọ́n gé ọ̀kan. Èkejì kò ṣeé fi tẹlẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Beatrice ti kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ débi pẹpẹ láti jẹ́rìí. “Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Òróró tí mo dà ni kò jẹ́ kí ọkọ mi kú!” Ìjọ hó yèè. Ó gbé máìkì sí i lẹ́nu. “Dádì, ẹ sọ fún wọn.”

Akínfẹ́nwá wo ojú ìyàwó rẹ̀. Omi ayọ̀ ló kún ibẹ̀. Inú bí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

“Òótọ́ ni ìyàwó mi sọ,” ó ní.

Beatrice nu ojú, ó sì tì í padà sí àyè wọn.