Ẹ̀yìn Màmá Ìjẹ̀bú Lọ́jọ́ Yìnyín

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí yìnyín bo Thames View, àdúgbò wa nílùú Òyìnbó. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná ti kú láti Mọ́ńdè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pe onílé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ní òun ń bọ̀. Irọ́ gbuu!

Láàárọ̀, ọwọ́ ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́ta, tutù nini, kò sì sunkún mọ́. Mo gbé e sáré lọ bá Màmá Ìjẹ̀bú, aládùúgbò wa.

"Òun nìkan lo tẹ́ sùn nínú òtútù yìí? Ìwọ ọ̀mọ̀wé yìí! Gbé e wá!"

Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n fi kóòtù bò ó. Nígbà tó yá, ọmọ figbe ta. Èmi náà bú sẹ́kún. Lójú fèrèsé, yìnyín ti bo gbogbo ìdọ̀tí tí onílé kò kó, ó funfun bíi sùtánà.

N kò tíì dárí ji onílé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń rìn báyìí. Bí òtútù bá ti mú un, ọ̀dọ̀ Màmá Ìjẹ̀bú ló ń sáré lọ, kí wọ́n pọn òun.